Ẹ Má Fi Irọ́ Ki Àbẹ̀kẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, èyí tí ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín fi ki àwọn ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe, àwọn ọkọ̀ kúkúrú ẹlẹ́ni méjì tí a máa ń ká òrùlé wọn bí ẹní. Inú mi dùn sí i, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà là ń rí ẹni tó ń fi èdè wa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo dé ibi tó ti kọ ọ́ pé "àwọn ọkọ̀ yẹn kì í bàjẹ́", ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná, ó ní kí ló dé. Mo ka gbólóhùn náà sí i létí. Òun ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ sọ ti Wales fún wọn."

N óò sọ ti Wales. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn má baà rò pé ọ̀tá ni mo jẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tún iná bọ́ọ̀sì ṣe ní Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Wáyà tí mo ti fọwọ́ kàn láyé mi pọ̀ ju irun orí mi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun náà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ọdún 1981 ni mo sì ti ní ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí à ń sọ yìí, aláwọ̀ ewé dúdú, oníjókòó aláwọ. Ó wà nínú gáréèjì mi bí mo ti ń kọ ìwé yìí. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí àwa olólùfẹ́ ọkọ̀ wọ̀nyí a máa jà ju àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lọ, èmi sì ti dàgbà kọjá ìjà. Orúkọ tí mo sọ ọ́ ni ká máa pè é: Àbẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ oríkì mọ ohun tí mo ń wí. Ẹni tí a bẹ̀ ká tó rí i kẹ́. N kò fi ṣe ẹ̀yẹ lásán, bíbẹ̀ gan-an ni mo máa ń bẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí òtútù bá mú, mo gbọ́dọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dé àbọ̀, kí n dákẹ́, kí n sì fetí sílẹ̀. Páńpù epo tó wà lẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ké tík-tík-tík-tík, á yára, á wá rọra dáwọ́ dúró. Ìyẹn ni pé epo ti kún inú káburétọ̀. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, a jẹ́ pé páńpù ṣì ń sùn nìyẹn. Mo ní láti sọ̀ kalẹ̀, kí n wọ abẹ́ ọkọ̀, kí n fi òòlù kàn án pẹ́pẹ́ kó lè jí. Lẹ́yìn èyí ni n óò wá fa ṣóòkù, ohun tó ń fi kún epo tí ẹ́ńjìnnì tútù ń mu, kì í sì í ṣe dé òpin, nítorí pé bí mo bá fà á jù, á mu epo yó, á kọ̀. Bí n kò bá fà á tó, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á kọ̀. Ibì kan wà láàárín méjèèjì tí ọwọ́ mi nìkan mọ̀. Ìyàwó mi kò mọ ibẹ̀, ọmọ mi kò mọ̀ ọ́n, olè pàápàá kò lè mọ̀ ọ́n.

Mo ní ìwé kan, ìwé kékeré ẹlẹ́yìn búlúù, tí mo ń kọ gbogbo ìgbà tí Àbẹ̀kẹ́ bá fi mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà sí: ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣe é, iye tó ná mi. Kì í ṣe ti inú gáréèjì o, ti ojú títì nìkan. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ 63. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé irú rẹ̀ kì í bàjẹ́, ẹ ò rí i pé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti nọ́ńbà 1. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló tà á fún mi, ọkùnrin òyìnbó jẹ́jẹ́ kan, ní irinwó pọ́n-ùn. Nígbà tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó kó nǹkan mẹ́ta lé e: òòlù tí orí rẹ̀ jẹ́ bàbà, ìwé àtúnṣe tí ọ́ìlì ti bà jẹ́, àti tọ́ọ̀ṣì. Òòlù bàbà yé mi, nítorí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà jẹ́ onísípóòkù, irin kan ṣoṣo tó ní etí méjì ló di ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú láàárín, òòlù rírọ̀ bẹ́ẹ̀ la fi ń gbá a kó lè tú. Mo wá béèrè pé kí ni tọ́ọ̀ṣì wà fún. Ó wo ojú ọ̀run, ó ní mo máa mọ̀.

Ọjọ́ kẹta ni mo mọ̀. Oṣù kọkànlá ni, òjò ń rọ̀ wínníwínní, mo ń bọ̀ láti Birmingham lójú ọ̀nà A45. Mo tan wáípà, iná iwájú rẹ̀wẹ̀sì bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Mo fẹ́ yà sí òsì, mo tẹ tíráfíkétọ̀. Iná inú dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń ṣẹ́jú, iná ẹ̀yìn náà sì bá a ṣẹ́jú bí ẹni pé wọ́n jọ gbìmọ̀ pọ̀. Bí mo ti tẹ bíréèkì báyìí, ohun gbogbo ṣókùnkùn. Mo rọra wọ́ ọ dé etí ọ̀nà, mo jókòó sínú òkùnkùn, èmi tí ìjọba ìlú ń sanwó fún nítorí iná ọkọ̀! Ó gbà mí ní ogójì ìṣẹ́jú kí n tó rí ohun tó fà á. Kì í ṣe pé ó fara pamọ́. N kò kàn gbà pé ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè dójú ti èèyàn. Bóòtù kan ṣoṣo tó di wáyà bátìrì mọ́ ara irin ọkọ̀ ló dógùn-ún. Mo fi owó ẹyọ onípẹ́nì méjì họ ọ́, mo fún un le, gbogbo iná sì tàn bí ọjọ́ ọdún.

Ẹ má bínú, iṣẹ́ mi ni, mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Nínú ọkọ̀, wáyà kan ló ń gbé iná lọ bá gílóòbù, kò sí wáyà tó ń gbé e padà. Ara irin ọkọ̀ ni ọ̀nà àbọ̀. Bí ibi tí gílóòbù tàbí bátìrì ti fara kan irin náà bá dógùn-ún, iná kò rí ọ̀nà padà sílé mọ́, á wá máa gba ojúlé aládùúgbò kọjá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ bíréèkì tí tíráfíkétọ̀ ń dáhùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn sì jẹ́ pé fíùsì méjì péré, tàbí mẹ́rin bí a bá rí ojú rere, ló ń ṣọ́ gbogbo ilé. Títí di apá ìparí àwọn ọdún 1960 pàápàá, ojú pọ́sítíìfù bátìrì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń so mọ́ ara irin, òdì kejì ohun tí gbogbo ayé ń ṣe lónìí. Ẹni tó bá so rédíò ìgbàlódé mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìbéèrè, èéfín ló máa rí dípò orin.

Ilé iṣẹ́ Joseph Lucas ní Birmingham ló ń ṣe ohun èlò iná fún púpọ̀ nínú wọn, àwọn awakọ̀ sì ti sọ ọ́ ní Ọmọ Ọba Òkùnkùn láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní ìdí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń mu bíà tí kò tutù ni pé Lucas ló ṣe fíríìjì wọn. Gbogbo ibi tí mo bá gbé Àbẹ̀kẹ́ dé ni ẹnì kan ti máa ń sọ àpárá yìí fún mi bí ẹni pé òun ló dá a. Mo máa ń gbèjà Lucas díẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ló ń sọ iye tí wọ́n fẹ́ ná, tí wọ́n sì ń gbé ìsopọ̀ wáyà sí ibi tí táyà ti ń da omi lù ú. Ẹni tí a fún ní owó ẹ̀kọ tí a ní kó se àsè, ẹ̀kọ náà ló máa gbé wá.

Òǹkàwé yín tún ní ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe àwọn ọkọ̀ náà, kì í ṣe ẹ̀rọ. Òótọ́ ni fún àwọn kan. Ilé iṣẹ́ Morgan ní Malvern ṣì ń fi igi ṣe egungun ara ọkọ̀ títí dòní, gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo MGB, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ MG tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Láti 1962 sí 1980, wọ́n ṣe é tó ìdajì mílíọ̀nù, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 1798cc, ọmọ ìyá ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ ìdílé tí bàbá olúwarẹ̀ fi ń lọ síbi iṣẹ́ ni. Ibo lọwọ́ wà níbẹ̀? Ó wà níbì kan: ní ilé iṣẹ́ MG ní Abingdon, kò sí ẹ̀rọ tó ń wọ́ ọkọ̀ láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń tì í. Àwọn tó rà á sì tẹ̀ lé àṣà náà.

MGB yìí náà ni n óò fi sọ̀rọ̀ ìdógùn-ún, nítorí ọ̀rọ̀ iná, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. MGA tó ṣáájú rẹ̀ ní ṣásí tirẹ̀ lọ́tọ̀, a wá gbé ara lé e. MGB kò ní ṣásí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ni egungun rẹ̀. Àpótí irin tó gùn tẹ̀ lé abẹ́ ilẹ̀kùn ní ọ̀tún àti òsì, èyí tí a ń pè ní síìlì, òun ló mú iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ so pọ̀. Ní ìgbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbí kí yìnyín lè yọ́. Omi iyọ̀ á wọ inú síìlì, á jókòó síbẹ̀, á máa jẹ ẹ́ láti inú wá síta. Lójú, kíkùn ń dán. Nínú, bíi gúgúrú. Bí ẹ bá fi jáàkì gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí mọ́, ẹ má pe ẹni tó ń tún ilẹ̀kùn ṣe, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ló ń tẹ̀. Láti 1988 ni ilé iṣẹ́ British Motor Heritage ti ń fi àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tẹ odindi ara MGB tuntun fún títà. Mo bi òǹkàwé yín léèrè: ta ló ń ra awọ tuntun fún ẹran tí awọ rẹ̀ kò tíì jẹrà?

N kò sọ èyí láti fi MG ṣẹ̀sín. Wọn kò dá nìkan jẹ́ bẹ́ẹ̀. Triumph Spitfire, ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tí Michelotti ará Ítálì ya àwòrán rẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń ṣí odindi, tòun ti ibi tó bo táyà, débi pé èèyàn lè jókòó lórí táyà iwájú kó máa tún ẹ́ńjìnnì ṣe bí ẹni ń bó ẹ̀gẹ́. N kò tíì rí ẹni tó ronú nípa mẹkáníìkì tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní 1962, bí ẹ bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré tí ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo lójijì, táyà ẹ̀yìn lè ká wọ abẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ á sì yí padà kó wo ibi tí ó ti ń bọ̀. Triumph Stag wá ńkọ́? Arẹwà ni. Ohùn rẹ̀, ẹ ó fẹ́ jókòó tì í. Ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un, 2997cc, nígbà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ Rover tí wọ́n jọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà ti ní V8 tó jí pépé tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé páńpù omi rẹ̀ sókè jù. Bí omi bá dín díẹ̀, atẹ́gùn ló ń fà. Ẹ́ńjìnnì á gbóná, orí sílíńdà tó jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù á tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì á fẹ́. Ọ̀pọ̀ onílé ló yọ V8 Stag kúrò tí wọ́n sì fi ti Rover rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn tó ra ọkọ̀ ló wá ṣe ohun tó yẹ kí àwọn tó kọ́ ọ ti ṣe.

Àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń daṣẹ́ sílẹ̀ ló ba ohun gbogbo jẹ́. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti Canley, ní Coventry níbí, ni Triumph ti ń jáde, mo mọ àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ló pinnu pé kí ẹ́ńjìnnì 1962 ṣì wà nínú MGB ní 1980. Ní 1968, wọ́n da gbogbo wọn pọ̀ sínú ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ British Leyland, MG, Triumph, Jaguar, Austin, Rover, bí ẹni da ìyá ọkọ méje sínú ilé ìdáná kan. MG ń ta ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì, Triumph ń ta ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì, oníbàárà kan náà ni wọ́n jọ ń fà lápá. Ní 1975, ìjọba gba ilé iṣẹ́ náà kó má baà wó. Owó tí wọn ì bá fi ṣe ọkọ̀ tuntun ni wọ́n fi ń di ihò. Òfin Amẹ́ríkà ní bọ́ńpà gbọ́dọ̀ lágbára, wọ́n bá fi rọ́bà dúdú ńlá bo ẹnu MGB, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà sókè. Ó wá dà bí arẹwà tó wọ bàtà tó tóbi jù fún un. Kò lè wọ kọ́nà mọ́ bó ti ń wọ̀ ọ́. TR7 ti Triumph jáde ní 1975 láìní òrùlé tó ń ká, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé òfin Amẹ́ríkà máa ka irú rẹ̀ léèwọ̀. Òfin náà kò dé.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Abingdon. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, ìlú náà ṣe ayẹyẹ àádọ́ta ọdún tí MG ti wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ onífèrè, ìwọ́de ọkọ̀, gbogbo rẹ̀. Kí ayẹyẹ tó tutù lára wọn, ní ọjọ́ Ajé ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, wọ́n kéde pé àwọn máa ti ilé iṣẹ́ náà. Oṣù kẹwàá ọdún 1980 ni wọ́n tì í. Ọdún 1980 yìí náà ni wọ́n dáwọ́ ìtòpọ̀ ọkọ̀ dúró ní Canley. Nígbà tí mo ra Àbẹ̀kẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ńṣe ló dà bíi pé mo gba ọmọ òrukàn.

Ó tó àsìkò láti sọ ti Wales. Nọ́ńbà 14 ni nínú ìwé mi, oṣù kẹjọ ọdún 1984. Ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù méje. Ó ní òun fẹ́ rí òkè kí ọmọ tó dé, mo sì ní kò sí ohun tó dùn ju ká ká òrùlé ọkọ̀ sẹ́yìn ká máa wo òkè lọ. Àlọ dùn. Ojú ọ̀nà A5 la gbà dé Betws-y-Coed láàárín àwọn òkè Wales, ìborùn ìyàwó mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́, odò ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì tó ń kọ lu òkè tó ń padà wá. Ẹ mọ̀ pé ìjókòó ọkọ̀ yẹn kúrú débi pé bí mo bá na ọwọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà ojú títì. Ogójì máìlì ní wákàtí nínú rẹ̀ dà bí ọgọ́rin nínú ọkọ̀ mìíràn. Òkúta wẹ́wẹ́ tí táyà bá tẹ̀, ọwọ́ á gbọ́ ọ nínú sítíárìn. Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ sọ lọ́jọ́ yẹn pé òun ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń dùn tó nìyẹn. Ó ti sẹ́ ẹ báyìí, àmọ́ mo gbọ́ ọ.

Àbọ̀ ló yàtọ̀. Ní Llangollen, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó lọ sílẹ̀, kò padà wá. Rọ́bà kan tí kò tó orí àtàǹpàkò mi ló ya nínú sílíńdà kékeré abẹ́ ọkọ̀, gbogbo omi kílọ́ọ̀ṣì ti jò sójú ọ̀nà. Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo sáré fa òrùlé bò wá, nǹkan tó ń gba bọ́tìnì bí i ogún, tí omi sì ń gba ojú rán rẹ̀ wọlé síbẹ̀. Obìnrin kan jáde láti ilé tó kọjú sí wa, ó gbé agboòrùn wá fún ìyàwó mi, kò wo ojú mi rárá, ó ní ọkùnrin wo ló ń gbé aboyún sínú irú nǹkan báyìí. Ọkọ rẹ̀ ní tiẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú mi nínú omi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti ní ọ̀kan rí.

A kò rí rọ́bà rà, ọjọ́ Àìkú ni. Ilé jìn ju ọgọ́rin máìlì lọ. Mo wà á délé láìsí kílọ́ọ̀ṣì. Ó ṣeé ṣe: ẹ óò ki jíà kìíní bọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, ẹ óò yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á fò síwájú bí ọ̀pọ̀lọ́, á sì máa lọ. Lẹ́yìn náà, bí etí yín bá mọ ohùn ẹ́ńjìnnì, ẹ lè máa pa jíà dà láìtẹ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí iná pupa bá dá yín dúró, ẹ gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún fò. Ìyàwó mi ń ka iná pupa. Shrewsbury nìkan, mẹ́fà. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, ó ti di mọ́kàndínlógún, kò sì tíì bá mi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn yàtọ̀ sí nọ́ńbà wọ̀nyẹn láti Llangollen.

Ọmọ tó wà nínú oyún yẹn ti tó ẹni ogójì ọdún ó lé, ó sì ní ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tirẹ̀. Mazda MX-5 ni. Àwọn ará Japan fi í han ayé ní Chicago ní 1989, kò sì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé Lotus Elan, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 1962, ni wọ́n tẹjú mọ́ kí wọ́n tó ṣe é. Ìjókòó méjì, fífúyẹ́, ẹ́ńjìnnì níwájú, táyà ẹ̀yìn ló ń wà á, òrùlé tó ń ká. Wọ́n mú gbogbo ohun tí a fẹ́ràn, wọ́n fi òkùnkùn, ìjò àti òòlù sílẹ̀ fún wa. Nígbà tó fi máa di 2016, wọ́n ti ṣe é pé mílíọ̀nù kan. Ọmọ mi gbé e fún mi wà dé Kenilworth ní oṣù kìíní, nínú yìnyín. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Kò gbọ́ tík-tík, kò fa nǹkan kan. Mo wà á lọ, mo wà á bọ̀. Ó dára ju Àbẹ̀kẹ́ lọ ní gbogbo ọ̀nà tí a lè fi wọn ọkọ̀. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ máa wá ta tiyín nìyẹn, Dádì?" Mo ní ká jẹun.

Òǹkàwé yín lè wá bi mí pé kí ló wá mú mi tọ́jú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, gbogbo bọ́ọ̀sì tí mo tún ṣe, ẹlòmíràn ló ń wà wọ́n lọ. N óò fún wáyà ìkẹyìn le, n óò lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á jáde lẹ́nu géètì, á bọ́ sójú títì pẹ̀lú èrò ogójì nínú rẹ̀, n kò sì ní mọ ibi tó dé. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni mo tún ṣe tí mo sì jókòó sínú rẹ̀. Bí iná rẹ̀ bá tàn lálẹ́, mo mọ ẹni tó tàn án. Bí ó bá kú, mo mọ ẹni tí n óò bú. Èyí kò sọ ọ́ di ọkọ̀ gidi. Kò sì yẹ ká fi orúkọ ọkọ̀ gidi ki í kó tó lè wù wá.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí n kò lè gbójú fò. Òǹkàwé yín kọ ọ́ pé ìjọba pàápàá mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí le koko, ìyẹn ni wọ́n fi yọ̀ǹda wọn kúrò nínú MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí a fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ yẹ fún títì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba èyí gbọ́. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tí a kò sì yí padà kọjá àlà, MOT kò pọn dandan fún un mọ́. Wọn kò pọ̀ lójú títì, wọn kì í sì í rìn jìnnà, ìyẹn wà lára ohun tó fà á. Òfin ṣì di ẹrù náà lé olówó ọkọ̀ lórí pé ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ fún títì. Èmi ṣì ń gbé Àbẹ̀kẹ́ lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún, mo ń fowó mi san án. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kékeré tó yẹ̀ ẹ́ wò rí ibi tí páìpù bíréèkì ti ń jẹrà, èmi tí mo wọ abẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú kò rí i. Ojú ti ń di ojú àgbà. Àti pé epo E10 tí wọ́n gbé dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ọtí tó wà nínú rẹ̀ máa ń jẹ àwọn hóòsì rọ́bà àtijọ́. Kí òǹkàwé yín máa ra E5 tí ọtí inú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, ó wọ́n díẹ̀ sí i, àmọ́ iná kò dára lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Bí ó bá ṣì ní tirẹ̀, kó dákun gbé káfẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ rẹ̀ sókè lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, kó mú sikirudíráfà, kó fi gún síìlì láti ìsàlẹ̀, níwájú táyà ẹ̀yìn gan-an, ní ọ̀tún àti ní òsì. Kó má gún un jẹ́jẹ́. Bí sikirudíráfà bá wọlé, kó má fi síìmẹ́ǹtì aláwọ̀ irin dí i kó wá kùn ún lóde bí àwọn kan ti máa ń ṣe, kó gbé e lọ bá wẹ́dà tó mọṣẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Àbẹ̀kẹ́,
Coventry.

Àfikún: Ìyàwó mi ti ka lẹ́tà yìí. Ó ní iná pupa náà jẹ́ mọ́kànlélógún, kì í ṣe mọ́kàndínlógún, àti pé agboòrùn obìnrin Llangollen yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa, a kò tíì dá a padà.